Irú Ikọ́ Wo Ni? Oúnjẹ Tí Àwọn Ará Ṣáínà Fi Ń Tọ́jú Ikọ́

Bí ènìyàn bá wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì léraléra lẹ́nu ọ̀nà ilé ní Guangzhou, ìlú ńlá kan ní gúúsù Ṣáínà, kì í pẹ́ tí àgbàlagbà kan yóò fi bi í ní ìbéèrè tí ó máa ń ya àlejò lẹ́nu: ṣé kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wà nínú ikọ́ náà, kí sì ni àwọ̀ rẹ̀? Ní àdúgbò Xiaobei, níbi tí ọ̀pọ̀ àwa ọmọ Áfíríkà ti ń gbé tí a sì ti ń ṣòwò, ìyá onílé mi ni ó máa ń bi mí bẹ́ẹ̀. Ayi ni gbogbo ènìyàn ń pè é, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń pe obìnrin tí ó bá ti tó ìyá ẹni ní ilẹ̀ náà, n kò sì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ rẹ̀ gan-an rí. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ó ti yé mi pé lójú àwọn ará Ṣáínà kò sí ohun tí a lè pè ní oògùn ikọ́ lásán, nítorí pé ikọ́ kì í ṣe ẹyọ kan, oúnjẹ tí ó sì mú ọ̀kan rọlẹ̀ lè ru èkejì sókè. Ohun tí ó mú mi kọ èyí sílẹ̀ ni àwọn fídíò kéékèèké tí ń lọ láti fóònù dé fóònù nílé, tí wọ́n ń sọ pé àwọn ará Ṣáínà ní kí a se èso péà pẹ̀lú ṣúgà, ikọ́ yóò sì lọ. Péà náà kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n ìbéèrè Ayi ni wọ́n fò dá, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni gbogbo nǹkan yòókù rọ̀ mọ́.

Ọ̀rọ̀ náà sì ti pẹ́ nílẹ̀. Huangdi Neijing, ìwé ìṣègùn tí wọ́n kó jọ ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún méjì sẹ́yìn, ya odindi orí kan sọ́tọ̀ fún ikọ́, ohun tí ó sì sọ níbẹ̀ ni pé gbogbo ẹ̀yà inú ni ó lè mú ènìyàn wúkọ́, pé ẹ̀dọ̀fóró nìkan kọ́ ni ẹjọ́ kàn. Láti ibẹ̀ ni àwọn oníṣègùn tí ó dé lẹ́yìn ti ń pín ikọ́ sí oríṣiríṣi, tí ìpínyà náà sì ń pọ̀ sí i láti ìran dé ìran. Nínú ilé, láàárín àwọn tí kò ka ìwé ìṣègùn kankan, ìpínyà náà kò le tó bẹ́ẹ̀. Ikọ́ òtútù ni ti ẹni tí òjò pa tàbí tí atẹ́gùn tútù fẹ́ lù: kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ funfun, ó sì ń ṣàn, imú rẹ̀ ń ṣomi, òtútù sì ń mú un. Ikọ́ ooru ni ti ẹni tí ọ̀fun ń dùn, tí òùngbẹ ń gbẹ, tí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ ki tí ó sì pọ́n rúsúrúsú. Ikọ́ gbígbẹ kò ní kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rárá, ọ̀fun ni ó máa ń rin ènìyàn títí di òru, ìgbà ìwọ́wé ni ó sì máa ń pọ̀ jù, nígbà tí afẹ́fẹ́ gbígbẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ láti àríwá, nítorí pé ìgbà yẹn gan-an ni ìmọ̀ àtijọ́ wọn so mọ́ ẹ̀dọ̀fóró. Èyí tí ó kù ni ikọ́ tí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ kì í tán, inú ni wọ́n sì ń dá lẹ́bi fún un, wọ́n á ní ọ̀rá, àdídùn àti ohun mímu inú fíríìjì ti pọ̀ jù níbẹ̀.

Ìdí tí wọ́n fi ń kọ́kọ́ sá lọ sí ilé ìdáná kí wọ́n tó lọ sí ilé oògùn ní ìpìlẹ̀ nínú ìwé pẹ̀lú. Sun Simiao, oníṣègùn ńlá ìgbà ìdílé ọba Tang tí ó kú ní ọdún 682, kọ ọ́ pé kí oníṣègùn kọ́kọ́ mọ orísun àrùn, kí ó fi oúnjẹ tọ́jú rẹ̀, bí oúnjẹ kò bá ràn án ni kí ó tó ki ọwọ́ bọ oògùn. Títí di òní, ààlà tí ó wà láàárín méjèèjì kò nípọn lọ́dọ̀ wọn. Ní ọdún 2002, ilé iṣẹ́ ìjọba tí ó ń rí sí ìlera tẹ àkójọ ohun 87 jáde tí òfin gbà pé ó jẹ́ oúnjẹ tí ó sì tún jẹ́ oògùn, atalẹ̀ àti èèpo ọsàn gbígbẹ sì wà lára wọn. Ohun tí ó wà nínú àkójọ yìí ni ènìyàn lè rà ní ọjà láàárín ẹ̀fọ́ àti ẹja láìbéèrè ìwé lọ́wọ́ oníṣègùn.

Péà ni ó yẹ kí n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé píà ọlọ́ràá tí a fi ń jẹ búrẹ́dì nílé ni mò ń sọ. Èso roboto ni péà ilẹ̀ Ṣáínà, ó le, inú rẹ̀ funfun, omi sì pọ̀ nínú rẹ̀ débi pé ó máa ń ṣàn gba ọwọ́ ẹni tí ó bá gé e jẹ. Èyí tí ó lókìkí jù máa ń wá láti Dangshan ní ìpínlẹ̀ Anhui àti láti agbègbè Zhao ní Hebei. Li Shizhen, tí wọ́n tẹ ìwé ńlá rẹ̀ lórí egbòogi jáde ní ọdún 1596, sọ pé ó ń mú kí ẹ̀dọ̀fóró tutù kí ó sì rin, pé ó ń tú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ká, ó sì ń mú ooru inú wálẹ̀. Bí Ayi bá fẹ́ sè é, yóò gé orí rẹ̀ bí ìdérí, yóò fi ṣíbí kékeré gbẹ́ kóró inú rẹ̀ jáde, á sì máa yí ṣíbí náà jẹ́jẹ́ kí ó má baà lu ìdí èso náà. Yóò da ṣúgà olókúta, èyí tí ó máa ń dán bíi gíláàsì, sínú ihò náà, yóò dá ìdérí padà sórí rẹ̀, yóò sì fi igi ìtayín méjì gún un mọ́lẹ̀. Abọ́ kékeré ni yóò gbé e sí, abọ́ náà yóò wọ inú ìkòkò tí omi wà nísàlẹ̀ rẹ̀, bí a ti ń se mọ́ínmọ́ín, iná kò sì gbọdọ̀ pọ̀. Bí ó bá tó wákàtí kan, èèpo rẹ̀ á ti pọ́n, á ti fún jọ, omi dídùn á sì ti kún abọ́ náà títí dé àárín bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tí ó bu omi sí i. Ènìyàn á jẹ èso náà, á sì mu omi rẹ̀ ní gbígbóná kí ó tó sùn.

Ṣùgbọ́n ikọ́ gbígbẹ ni gbogbo èyí wà fún, tàbí ikọ́ ooru. Ohun tútù ni péà lójú wọn, kì í ṣe tútù ti fíríìjì, bí kò ṣe pé ó ń mú kí ara tutù láti inú wá, oru omi tí wọ́n fi sè é kàn ń dín ìtutù náà kù díẹ̀ ni. Mo rí ìyá kan ní àjà kejì ilé wa tí ó ra péà bọ̀ fún ọmọ rẹ̀ tí imú rẹ̀ ń ṣomi, Ayi sì dá a dúró ní ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn, ó yẹ ahọ́n ọmọ náà wò, ó rí i pé ó funfun, ó sì ní kí ìyá rẹ̀ kó péà náà pamọ́ títí di ọ̀sẹ̀ tí ó ń bọ̀. Atalẹ̀ ni ó ní kí ó lọ sè. Fún ikọ́ òtútù, ìdí àlùbọ́sà eléwé, apá funfun tí gbòǹgbò rẹ̀ wà lára rẹ̀, ni wọ́n máa ń sè pẹ̀lú atalẹ̀ tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ àti ṣúgà pupa, wọn kì í sì jẹ́ kí ó pẹ́ lórí iná, nítorí pé òórùn rẹ̀ tí ń wọ imú ni wọ́n gbà pé ó ń ṣiṣẹ́. Ènìyàn á mu ún, á wọ inú bùláńkẹ́ẹ̀tì, á sì làágùn díẹ̀. Díẹ̀ ni wọ́n sọ, kì í ṣe òógùn tí yóò rin aṣọ. Ohun tí ó wọ́pọ̀ jù lọ nínú gbogbo ìtọ́jú wọn kò tilẹ̀ ní orúkọ oúnjẹ: omi gbígbóná ni, àwọn ọ̀dọ́ wọn sì máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, pé bí ẹsẹ̀ rẹ bá ṣẹ́, omi gbígbóná ni bàbá rẹ yóò ní kí o máa mu.

Ní Beijing, wọn kì í dúró títí ikọ́ yóò fi dé kí wọ́n tó se péà. Wọ́n máa ń fún omi péà púpọ̀ jáde, wọ́n á sè é fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ wákàtí pẹ̀lú èso pupa hongzao tí ó fara jọ dábínù, atalẹ̀ àti ṣúgà olókúta, títí yóò fi dúdú tí yóò sì máa fà, lẹ́yìn tí ó bá ti tutù ni wọn yóò tó po oyin mọ́ ọn. Qiuligao ni wọ́n ń pè é. Ṣíbí kan nínú omi lílọ́ wọ́ọ́wọ́ ni ènìyàn ń mu, Tongrentang, ilé oògùn tí ó ti wà ní Beijing láti ọdún 1669, sì ń tà á nínú ìgò. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju èyíkéyìí lọ nínú ohun tí mo kọ síhìn-ín, ṣùgbọ́n kí n má tan yín, adùn rẹ̀ ni mo fẹ́ràn, nítorí mo máa ń mu ún nígbà tí n kò wúkọ́ rárá.

Ọ̀rọ̀ ọsàn ni ó rú mi lójú jù lọ. Bí ènìyàn bá ń wúkọ́, wọ́n ní kí ó má jẹ tanjaríìnì, nítorí pé ẹran ara rẹ̀ ń dá kẹ̀lẹ̀bẹ̀ sílẹ̀. Èèpo tanjaríìnì kan náà sì ni wọ́n ń lò láti tú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ká. Ní Xinhui, tí kò jìnnà sí Guangzhou, odindi okòwò ni èèpo yìí. Wọ́n máa ń fi ọ̀bẹ là á sí ọ̀nà mẹ́ta láìjẹ́ kí ó já kúrò lára ara rẹ̀ ní ìdí, wọ́n á sá a, wọ́n á yí inú rẹ̀ síta, wọ́n á sì kó o pamọ́. Kò lè jẹ́ orúkọ chenpi títí yóò fi pé ọdún mẹ́ta, bí ó bá sì ṣe ń pẹ́ sí i ni owó rẹ̀ ń ga sí i, débi pé àwọn ìdílé kan máa ń kó èyí tí ó ti lé ní ogún ọdún pamọ́ sínú ìkòkò fún àwọn ọmọ wọn. Òórùn rẹ̀ kì í ṣe ti ọsàn mọ́, ó ti di ti igi àti oògùn. Ayi máa ń rẹ ẹ́ sínú omi, á fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ ha inú rẹ̀ tí ó funfun kúrò nítorí ìkorò, á sì jù ú sínú ìrẹsì olómi tàbí ọbẹ̀ ẹran fún ẹni tí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ kò dá.

Ọsàn oníyọ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ mọ̀ jù, nítorí pé kò gba sùúrù. Wọ́n á fọ èèpo ọsàn dáadáa, wọ́n á gé orí rẹ̀, wọ́n á fi igi ìjẹun gún ẹran ara rẹ̀ lójú púpọ̀, wọ́n á wọ́n iyọ̀ tí kò ju ìka méjì lè mú lọ sí i, wọ́n á dé e padà, wọ́n á sì fi oru omi sè é fún bí ogún ìṣẹ́jú. Iyọ̀ náà kì í hàn nínú rẹ̀ tó bí ènìyàn ti lè rò. Ohun tí ó ń hàn ni òróró èèpo rẹ̀ tí ooru ti lé jáde. Àwọn oníṣègùn wọn fúnra wọn kò fohùn ṣọ̀kan lórí irú ikọ́ tí ó wà fún, mo sì ti gbọ́ kí àwọn ìyá méjì bá ara wọn jiyàn lórí rẹ̀ nínú ọjà, tí olúkúlùkù ń fi ọmọ tirẹ̀ ṣe ẹ̀rí.

Ráádíìṣì funfun, gbòǹgbò gígùn tí omi rẹ̀ pọ̀ tí ó sì ń ta ẹnu díẹ̀, ni ti àwọn mẹ̀kúnnù. Òwe wọn kan sọ pé ẹni tí ó bá ń jẹ ráádíìṣì nígbà òtútù, tí ó sì ń jẹ atalẹ̀ nígbà ooru, kò ní da oníṣègùn láàmú kí ó kọ oògùn fún un. Wọ́n á gé e kéékèèké sínú abọ́, wọ́n á da oyin lé e, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ títí omi rẹ̀ yóò fi jáde, omi yẹn ni ẹni tí ń wúkọ́ yóò máa mu ní ṣíbí kọ̀ọ̀kan. Òórùn rẹ̀ kò dára.

Guangzhou ní ohun tirẹ̀ tí ìlú mìíràn kò ní tó o. Ní igun àdúgbò ni ènìyàn ti ń rí àwọn ilé ìtajà kékeré tí ìkòkò idẹ ńlá wà níwájú wọn, liangcha ni wọ́n sì ń bù níbẹ̀, àgbo dúdú tí wọ́n fi oríṣiríṣi ewé àti gbòǹgbò sè fún ẹni tí ooru bá wà nínú rẹ̀, tí ọ̀fun sì ń dùn. Ẹni tí ó bá mọ àgbo mu nílé kò ní rí i bí àjèjì. Wanglaoji, tí orúkọ rẹ̀ lókìkí jù nínú iṣẹ́ yìí, ti bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 1828, nígbà tí ó sì di 2006 ìjọba Ṣáínà fi liangcha sínú àkójọ àkọ́kọ́ àwọn àṣà tí orílẹ̀-èdè náà ń dáàbò bò. Fún ẹni tí kò lè gbé ìkorò mì, luohanguo wà, èso kan láti agbègbè Guilin tí wọ́n ti gbẹ títí ó fi fúyẹ́ tí ó sì ń dún gbọnrangbọnran. Ènìyàn á fi ọwọ́ fọ́ ọ, á da inú rẹ̀ pẹ̀lú kóró rẹ̀ sínú omi híhó, omi náà á sì dùn gan-an láìsí ṣúgà kankan. Adùn rẹ̀ kò wá láti inú ṣúgà, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fa á yọ báyìí láti fi ṣe àdídùn fún àwọn tí ó ní ìtọ̀ ṣúgà, tí ó sì wà lórí àtẹ àwọn ilé ìtajà ní Amẹ́ríkà. Ní ti ọbẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró ẹlẹ́dẹ̀, tí wọ́n ń sè pẹ̀lú ewé inú omi xiyangcai nítorí ìgbàgbọ́ pé ẹ̀yà ara ẹran ń ran ẹ̀yà kan náà lọ́wọ́ nínú ènìyàn, mo ti rí bí wọ́n ti ń fọ̀ ọ́. Ọ̀nà ọ̀fun ẹlẹ́dẹ̀ náà ni wọ́n máa ń fi bọ ẹnu ẹ̀rọ omi, omi á wọ ọ́ títí yóò fi wú tí yóò sì kún inú síńkì, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ jáde, wọ́n á tún fún un lómi, títí yóò fi funfun báláú. N kò tíì jẹ ẹ́.

Ohun kan wà tí ó ti rékọjá oúnjẹ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé inú péà ni wọ́n ti ń bá a pàdé. Chuanbei ni, ìtàkùn abẹ́ ilẹ̀ kékeré funfun ti òdòdó kan tí ó ń hù lórí àwọn òkè gíga ní Sichuan, Yunnan, Qinghai àti Tibet. Wọ́n á lọ̀ ọ́ kúnná, wọ́n á sì wọ́n ṣíbí ìpo-tíì kan tàbí èyí tí kò tó bẹ́ẹ̀ sínú ihò péà kí wọ́n tó dé e. Oògùn gidi ni, kò sí nínú àkójọ oúnjẹ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, owó rẹ̀ sì ga, nítorí pé ó ń gbà tó ọdún márùn-ún kí ọ̀kan lára àwọn òdòdó yìí tó tanná, ìtàkùn tí wọn yóò fi wú kílò kan sì lé ní 3,000. Ní ọdún 2020, àwọn onímọ̀ ewéko láti Kunming àti láti yunifásítì Exeter tẹ ìwádìí kan jáde lórí Fritillaria delavayi, ọ̀kan lára àwọn òdòdó tí chuanbei ń ti ara wọn wá. Ní ibi tí àwọn ènìyàn kì í ti í lè débẹ̀ láti wú u, ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀. Ní ibi tí wọ́n ti ń wú u púpọ̀, ewé rẹ̀ ti di aláwọ̀ eérú tàbí aláwọ̀ ilẹ̀, ó bá àpáta tí ó wà láyìíká rẹ̀ mu débi pé ojú kò lè tètè rí i. Èyí tí ó hàn ni àwọn ènìyàn wú, èyí tí ó sá pamọ́ ni ó ṣẹ́kù láti bímọ. Ikọ́ ènìyàn ni ó yí àwọ̀ òdòdó padà lórí òkè tí ó ga tó bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti kà á ni mo ti ń se péà mi láìfi chuanbei sí i.

Chuanbei kan náà ni ó wà nínú omi dídùn dúdú tí ọ̀pọ̀ yín ti rí nínú ìgò, pei pa koa, pẹ̀lú ewé igi èso pipa (tí àwọn òyìnbó ń pè ní loquat), oyin àti àwọn egbòogi mìíràn. Nin Jiom, ilé iṣẹ́ Hong Kong tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1946, ni ó sọ ọ́ di ohun tí gbogbo ayé mọ̀. Ìtàn tí wọ́n ń sọ nípa rẹ̀ ni pé ìyá ìjòyè kan ń wúkọ́ tí kò lọ, ọmọ rẹ̀ sì wá ìtọ́jú fún un lọ sọ́dọ̀ Ye Tianshi, oníṣègùn olókìkí ìgbà ìdílé ọba Qing, tí ó fún un ní ìlànà bí a ṣe ń sè é. Ìdí nìyẹn tí àwòrán ọmọ tí ń bu oògùn fún ìyá rẹ̀ fi wà lára páálí rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2018, nígbà tí ọ̀fìnkìn líle gbòde ní Amẹ́ríkà, àwọn ará New York kan bẹ̀rẹ̀ sí í sá lọ rà á ní Chinatown, owó rẹ̀ sì gbé pẹ́ẹ́lí sókè lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ṣùgbọ́n àwọn ará Ṣáínà pàápàá máa ń sáré ju ìlànà tiwọn lọ. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, nígbà tí ìjọba ṣí ìlú sílẹ̀ lójijì lẹ́yìn ìsémọ́lé àrùn Kòrónà, tí gbogbo ilé sì ń wúkọ́ nígbà kan náà, péà àti ọsàn òroǹbó wọ́n lọ́jà. Ohun tí ó tán pátápátá lórí àtẹ ni písì pupa rúsúrúsú inú agolo, nítorí pé ní ìlà-oòrùn àríwá orílẹ̀-èdè náà, ohun tí ìyá máa ń ṣí fún ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá ni. Ilé iṣẹ́ kan tí ń ṣe é ní láti kéde fún àwọn oníbàárà pé kò ní agbára oògùn kankan. Kò sí ẹni tí ó bi ẹnikẹ́ni léèrè àwọ̀ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn, Ayi sì bínú sí i.

Èrò tèmi nìyí. Ikọ́ tí ọ̀fìnkìn mú wá máa ń lọ fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́pọ̀ ìgbà, nítorí náà ohun yòówù tí ènìyàn bá jẹ ní àkókò yẹn yóò gba oríyìn tí ó lè máà tọ́ sí i. Ohun gbígbóná àti ohun dídùn ń mú kí ọ̀fun rọ̀, wọ́n sì ń jẹ́ kí ènìyàn sùn, ìyẹn kò sì kéré. Oyin ni ẹ̀rí rẹ̀ lágbára jù nínú gbogbo wọn: ní ọdún 2018, àjọ NICE tí ń ṣe ìlànà ìtọ́jú ní England fi í síwájú fún ikọ́ tí kò tíì pẹ́, kí àwọn dókítà tó ronú nípa oògùn apakòkòrò. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kò gbọdọ̀ fi ẹnu kàn án, nítorí kòkòrò tí ó lè wà nínú rẹ̀ tí ó sì lè sọ ara ọmọ náà di aláìlágbára. Èyí tí ó ń bà mí lẹ́rù ni kóró àpíríkọ́ọ̀tì, tí àwọn fídíò náà ń pè ní álímọ́ńdì. Irú méjì ni wọ́n ń lò nínú ọbẹ̀ ní Guangdong, ìpínlẹ̀ tí Guangzhou wà, ti gúúsù tí ó dùn àti ti àríwá tí ó korò, èyí tí ó korò sì ní ohun kan nínú tí ó ń di májèlé sáyánáìdì nínú ara. Ní ọdún 2016, àjọ tí ń ṣọ́ oúnjẹ fún àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù sọ pé bí àgbàlagbà bá jẹ ju mẹ́ta kékeré lọ ní tútù, ó ti kọjá ààlà, ẹyọ kan ṣoṣo sì lè kọjá rẹ̀ fún ọmọ kékeré. Ayi máa ń ka tirẹ̀ sí ọwọ́ kí ó tó jù wọ́n sínú ìkòkò, ó sì máa ń sè é pẹ́. Ikọ́ tí ó bá lé ní ọ̀sẹ̀ méjì pẹ̀lú òógùn òru àti ara tí ń rù kì í ṣe ti péà rárá. Àyẹ̀wò kẹ̀lẹ̀bẹ̀ fún ikọ́ ife ni ó tọ́ sí i, ọ̀fẹ́ sì ni àyẹ̀wò àti oògùn rẹ̀ ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba ní Nàìjíríà.

Ẹni tí ó bá fẹ́ dán an wò nílé nígbà ọyẹ́, nígbà tí ọ̀fun gbígbẹ pọ̀, lè lo péà tí ó ń ti South Africa wá, èyí tí wọ́n ń tà ní àwọn ilé ìtajà ńlá. Ó rọ̀ ju ti Dangshan lọ, nítorí náà ogún sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ti tó o lórí iná, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò yọ́ sínú abọ́. Atalẹ̀ wa gbóná ju tiwọn lọ púpọ̀, ìdajì ohun tí wọ́n bá kọ ni kí ẹ lò. Ọsàn wa aláwọ̀ ewé gba iyọ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n kóró rẹ̀ pọ̀, ẹ kọ́kọ́ yọ èyí tí ó bá hàn kúrò. Ráádíìṣì funfun nìkan ni n kò rí rà ní owó tí ó bójú mu, àfi lọ́dọ̀ àwọn ará Ṣáínà tí ń ta ewébẹ̀ ní Èkó, iye tí wọ́n sì pè é fún mi, oyin ojúlówó ni mo fi rà.